Ẹni Tí Yóò Bọ́ Tépù

Èmi tí gbogbo òpópónà yìí mọ̀ sí Ìyá Aránṣọ (orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí wà nínú àpòòwé tí lọ́yà lẹ̀ pa; n kò fẹ́ràn rẹ̀ láyé, ẹ má fi pè mí lẹ́yìn ikú), mo sọ ọ́ pé orí mi pé, pé ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, àti pé kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti lọ́yà tí yóò pín in, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má fò lọ síbi tí ilé wà.

1. Ilé tí mo ń gbé, mo há a fún ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì. Òun ló máa ń rọra ti ilẹ̀kùn. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀; mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì, áyọ́ọ̀nù àti àwọn àlùmọ́gàjí, mo há wọn fún ọmọ mi ọkùnrin, awakọ̀, tó sọ nígbà kan pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Èmi ni mo rán sòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kó tó gbé wọn tà.

3. Àga tí mo fi ń ránṣọ, kí ẹ fún káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Òun ló kàn án. Ní ọdún méjìlá, ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún ló ti wá tún ẹsẹ̀ àga yẹn ṣe, tí kò sì yéé yà á lẹ́nu. Èmi ni mo máa ń gbọn ọ́n títí yóò fi yẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

4. Ejò mi, Tépù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó mọ̀ pé kò ní oró. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo nawọ́ mú un lórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ, mo rò pé tépù ìwọnṣọ mi ni. Mo ti wọn àyà oníbàárà kan dé ìdajì kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ̀. Oníbàárà náà kò padà wá. Ejò ni kò lọ.

Tí ó bá fẹ́ bọ́ra, ojú rẹ̀ á ṣú bí gíláàsì tí èèyàn mí sí, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Ẹ má gbé e nígbà náà, ẹ má sì fún un lóúnjẹ. Ẹ gbé abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ síbẹ̀, kó fẹ̀ tó ibi tí yóò ká ara rẹ̀ sí. Ẹ fi òkúta tí ara rẹ̀ ṣe ṣákaṣàka tì í, kó lè fi imú ha á, kí ẹ sì ta aṣọ tútù bo orí àpótí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ awọ náà láti imú dé ìrù, inú awọ á wá síta bí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó ń kánjú. Bí ó bá kù síbì kan, ẹ fi táwẹ̀lì tútù wé e, kó máa rìn gba inú rẹ̀ jáde. Ẹ wo ojú, ẹ wo ṣónṣó ìrù. Awọ tó bá kù níbẹ̀ á máa fún un bíi rọ́bà sòkòtò tó kéré. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó nídìí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ wo ọmọ tuntun tí nọ́ọ̀sì bí. Tépù ń múra àtibọ́ra, mo sì rò pé á ti parí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ fún àbúrò mi ọkùnrin, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì: “Bá mi bọ́ Tépù lọ́jọ́ Ẹtì.” Oúnjẹ ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ awọ nìkan ló ti ń gbọ́ lẹ́nu mi láti ọjọ́ mẹ́ta, òun náà sì rèé, ẹni tó jẹ́ pé mímú nǹkan kúrò lára èèyàn niṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé omi gbígbóná, ó mú ẹ̀mú, ó bọ́ ọ. Nígbà tí mo dé, ó jókòó ti àpótí, ó ń retí kí n yìn ín. Tépù ti fọ́ lójú òsì, ebi sì ń pa á.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ ìyá mi lọ́jọ́ náà, ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síwájú lọ́yà. Láti ìgbà náà, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá ń kọjá, á yí àga oníbàárà rẹ̀ padà, tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, n kò gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá jáde tí mo bá sì dé, á jẹ́ pé omi Tépù ti di tuntun, aṣọ tútù á wà lórí àpótí, wọ́n á sì ti ká a bí àwọn onígbàjámọ̀ ṣe ń ká táwẹ̀lì. Ó rò pé n kò mọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Tépù ti bọ́ra lẹ́yìn ọ̀ràn yẹn, awọ náà kò ya rí.

5. Nítorí náà, mo há Tépù fún àbúrò mi, àti yàrá ẹ̀yìn tí Tépù ń gbé. Mo tún ìwé pélébé yẹn kà. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ohun tí mo sì kọ ló ṣe. Ẹ̀bi mi ni, mo bẹ̀ ẹ́. Inú ìwé ìhágún ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé agídí kò jẹ́ kí ẹnu mi sọ ọ́.

Mo fọwọ́ sí i nínú yàrá ẹ̀yìn, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, ní ìṣojú Tépù.

Ìyá Aránṣọ

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Oníbúrẹ́dì, tó fọwọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà.
Ẹni tó ń pín lẹ́tà, tó fọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé.

Àfikún, tí lọ́yà ní òfin kò kà sí: Kí àwọn méjì yìí tó gbà, káfíńtà, tí mo ní kó bá mi wá ẹlẹ́rìí, ti lọ pe àbúrò mi wá láìsọ fún mi, torí kò rí ẹlòmíràn tó lè wọlé sọ́dọ̀ ejò. Àbúrò mi wọlé, ó mú bírò. Lọ́yà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹni tí a há nǹkan fún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ibẹ̀ ló ti mọ̀. Ó jókòó sórí àga mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ó wo Tépù títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti fún un ní oúnjẹ. Oúnjẹ ló pè é, ó là á mọ́lẹ̀ ketekete.

Mo ní rárá, pé kó bá mi bọ́ ọ.