Òórùn Ni O Kọ, Oorun Ni Mo Kà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kì í ṣe ibà ló gbé ìyá rẹ dé ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn bí mo ṣe sọ fún ọ. Èmi ni. Gbólóhùn yìí ti há mi lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti jókòó kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì fi bébà rẹ̀ nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. Má fò sókè o. Ara rẹ̀ ti yá. Ó jẹun lówùúrọ̀ yìí, ó sì ti bú mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bọ́jú, nítorí náà kò sí ohun tó ṣe é mọ́.

Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí ọ, mo mọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Onílé rẹ tó máa ń ti géètì mọ́ yín síta ńkọ́, ṣé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀? Mo ń gbà á ládùúrà pé ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, àti pé àpótí onírin tó ń gbé yín lọ sókè ní ibi iṣẹ́ yín kò ní gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn fún ọ nígbà tó bá dé òkè. Mo máa ń ronú nípa àpótí yẹn gan-an. Tó bá ṣeé ṣe, máa kí i kí o tó wọlé, nítorí ohun tó bá lágbára láti gbé èèyàn, ó yẹ kí á máa bọ̀wọ̀ fún un.

O ó rí i pé mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí. Kì í ṣe fáàrí. Olùkọ́ èdè wa nígbà tí mo wà ní girama, Alámì la máa ń pè é lẹ́yìn, máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ewúrẹ́ tí kò lókùn lọ́rùn, oko ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ náà ti wá wọ oko mi báyìí, ẹ̀rín sì ti tán lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo pè ọ́ pé eku kan kú sínú àjà yàrá wa, a ò rí i yọ, àti pé òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ìyá rẹ rí oorun sùn? O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o máa fi nǹkan kan ránṣẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí awakọ̀ fi gbé páálí kékeré kan dé. Ìgò kan wà nínú rẹ̀, omi elésè àlùkò wà nínú ìgò, igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọ orí fóònù mi. Ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́: "Baba, e lo eleyii fun oorun yara yin. E fi igi mefeefa sinu re. E o gbadun re." Bí o ṣe kọ ọ́ nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò.

Ìwọ kọ òórùn tó ń wọ imú. Èmi ka oorun tó ń pa ojú dé. Mo dúpẹ́ pé mi ò tiẹ̀ ka oòrùn tó ń gbẹ aṣọ, ǹ bá ti lọ gbé ìgò náà sá sórí okùn.

Má sọ pé ìwé ara ìgò ńkọ́. Ọrùn gíláàsì ojú mi ti ṣẹ́ láti ọjọ́ tí mo jókòó lé e, èèrà sì tóbi ju lẹ́tà tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ. Àwòrán ni mo rí. Mo rí òdòdó kan, mo rí ìlàjì òṣùpá. Ta ló máa rí òṣùpá tí kò ní ronú oorun? Lẹ́yìn ìyẹn mo rí àwòrán méjì mìíràn tí wọ́n fi pupa yí ká. Àkọ́kọ́ jẹ́ iná tó ń jó. Ìkejì jẹ́ ọ̀pá kan tí àmì tótó wà lábẹ́ rẹ̀, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí i torí mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Alámì ló kọ́ wa. Àmì ìyanu ni. Mo ní háà, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu ni ọmọ mi fi ránṣẹ́. Ti iná yẹn sì yé mi kíá: ó ní kí a gbé e kaná díẹ̀ kí á tó lò ó. Igi mẹ́fà, mo gbà pé ọjọ́ mẹ́fà ni, igi kan fún ọjọ́ kan, láti fi máa ro ó. Mo ní àwọn ará ìlú ńlá ti kọjá ṣíbí.

Ọmọ mi, kẹrosíìnì tán nínú sítóòfù lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú gan-an. Mo bú ẹlẹ́po tó ní kò tíì gbé ọjà dé, mo ní irú àwọn báyìí ni kì í jẹ́ kí ìlú tẹ̀síwájú. Lọ́nà kan ṣá, omi gbígbóná inú fíláàsì ni mo bù sínú abọ́, mo gbé ìgò náà jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Títí di òní, tí mo bá ti rí ẹlẹ́po yẹn lójú títì, mo máa ń kí i ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé imú mi sọ fún mi. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, òdòdó ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ nísàlẹ̀ òdòdó yẹn, mo gbọ́ òórùn kan tí mo ti ń gbọ́ láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣe kápẹ́ńtà, òórùn spírítì tí a fi ń po fáníìṣì. Imú mi ní, bàbá, nǹkan ti ṣọ́ọ̀bù nìyí o. Mo ní kí imú dákẹ́, pé mo lọ sí girama.

Ọ̀sán ni, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyá rẹ kò tíì fojú kan oorun láti òru méjì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo da omi náà kún ìdérí ìgò, mo fi igi kan rò ó, mo gbé e fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń mu lọ́fínńdà. Mo ní oògùn oorun ni, ọmọ rẹ ló fi ránṣẹ́. Ó wo ìdérí náà títí. Ó wá ní tí kì í bá ṣe pé ọwọ́ ọmọ òun ló ti wá ni, òun ì bá dà á sẹ́nu ọ̀nà. Ó sì mu ún.

Ìgbémì kan péré ló gbé mì, ó tu ìyókù lé mi lẹ́sẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní ẹnu òun ń jó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó ní ilé ń yí. Mo ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń kan ìṣó. Ariwo wa ló gbé Ìyá Ẹ̀rọ wá, télọ̀ tó wà ní ojúlé kejì. O kò tíì mọ̀ ọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá ni. Nítorí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, torí ẹ̀rọ ìránṣọ a máa sinmi. Ó ní epo pupa ni, kí n rọ ọ́ sí i lẹ́nu kó lè bì. Mo ti mú ìgò epo lọ́wọ́, mo ti ṣí i, kí Ìyá Ẹ̀rọ tó rántí pé òun ń rán aṣọ fún nọ́ọ̀sì kan àti pé nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé ìwọ̀n. Ó pè é.

Nọ́ọ̀sì bi wá pé kí ló mu. Mo ní oògùn oorun olódòdó. Ó ní kí n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo ní iná àti ìyanu. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ: "Bàbá, ẹ gbé epo yẹn sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bì." Ó ní kó fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù, kó mu omi díẹ̀díẹ̀, kó jókòó ṣánṣán, ká ṣí fèrèsé, ká sì máa gbé e bọ̀ kíákíá tòun ti ìgò. Nígbà tí a débẹ̀ ló ṣàlàyé pé irú omi bẹ́ẹ̀, tó bá tún gba ọ̀fun padà sókè, ó lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pààyàn. Mo wo ọwọ́ mi tí epo ṣì wà lára rẹ̀.

Àpò ṣòkòtò ni mo ki ìgò náà sí lórí ọ̀kadà, ìdérí rẹ̀ kò sì wọlé dáadáa. Kí a tó dé, itan mi ti ń ta mí bí èsìsì, ó ti pọ́n. Wọ́n ní kí n bọ́ ṣòkòtò, kí n fi ọṣẹ àti omi ṣan itan mi dáadáa, bí a ṣe di aláìsàn méjì nìyẹn. Aṣọ ìkélé wọn ni mo ró tí mo fi ń kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè nínú fọ́ọ̀mù pé kí ni àjọṣe èmi àti aláìsàn. Mo ronú sí i, mi ò fẹ́ purọ́ fún ìjọba. Mo kọ ọ́ pé ó dán mọ́rán títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán yìí. Nọ́ọ̀sì kà á, ó wò mí, ó fà á rẹ́, ó kọ "ọkọ" sí i.

Wọ́n gbọ́ àyà ìyá rẹ, wọ́n ń gbọ́ ọ léraléra títí ọjọ́ fi rọ̀. Nọ́ọ̀sì wá ka ara ìgò náà fún mi. Ó ní ìyanu kọ́ ni, ìkìlọ̀ ni, ṣọ́ra ló ń sọ. Iná yẹn kì í ṣe pé kí á gbé e kaná, pé kó jìnnà sí iná ni, sítóòfù o, àtùpà o, àbẹ́là o. Mo rántí sítóòfù mi, mo rántí àwọn èérún igi tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé, òógùn bò mí. Ó ní igi mẹ́fà yẹn, ṣe là ń tì wọ́n bọ inú ìgò kí wọ́n máa fa omi náà sókè, kí afẹ́fẹ́ máa gbé òórùn dídùn rẹ̀ kiri yàrá. Ó ní ibi gíga tó tẹ́jú ni ká gbé e sí, níbi tí ọmọdé kò ti lè dé, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, ká fọwọ́ tí a bá fi kàn án, ká má sì dà á sínú ìgò míì láéláé, torí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè kó tó gbé ìgò mínírà sẹ́nu. Ó ní òórùn ni wọ́n ṣe é fún.

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ ti yé mi. Kí a tó kúrò níbẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ohun tí mò ń sá fún láti sọ nìyí, gbogbo èyí tí mo ti ń kọ bọ̀, mo kàn ń yí ilé ká ni. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, ìyá rẹ bi mí pẹ̀lú ohùn tó ti há pé, "Ṣé òun ló ní kí n mu ún?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́."

Nítorí náà ni kò ṣe gbé ìpè rẹ láti ìgbà yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo sọ fún ọ pé ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀rọ, pé ó ń wẹ̀, pé ó ti sùn, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà, ó ń wo fóònù náà bó ṣe ń dún. Kò bínú sí ọ. Ó ní òun kàn ń bẹ̀rù ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ wá ni. Ìró tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì tú u. O wẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo fi ẹrẹ̀ mi kùn ọ́ lára, torí ojú ń tì mí pé mo ka ìwé tó báyìí, mi ò sì lè ka ọ̀rọ̀ kan.

Lánàá a padà lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ó mọ́ bí omi òjò, pé kí a má padà wá mọ́ àfi tí a bá fẹ́ wá kí òun. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo mí èémí tí mi ò mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a ṣe délé, mo gun àkàbà, mo tú pákó àjà mẹ́rin, mo sì yọ eku náà, gbígbẹ ni, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, kápẹ́ńtà ni mí, mi ò ronú kàn án. Ìyá rẹ sùn lánàá títí ilẹ̀ fi mọ́. Òórùn ti lọ, oorun ti dé, ìwọ nìkan ló kù tí kò tíì padà sílé.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún nǹkan díẹ̀. Tí owó bá wà, fi iye tó lè ra gíláàsì ojú ránṣẹ́, àti ti fáníìṣì kékeré kan, torí omi tó ṣàn sí ìdí ìgò yẹn bó tábìlì tí o fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ, ó sì ṣe òbìrípo funfun sí i. Fi í rán awakọ̀. Má san án sí báǹkì, wọ́n ní àfi kí n mú àwòrán ojú mi wá kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni mí, bẹ́ẹ̀ mo dúró níwájú wọn. Tí o bá sì tún fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tí fóònù rẹ kò bá ní àmì, jọ̀ọ́, pè.

O kò ní jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere tó bá ti ẹnu rẹ jáde, rere ni wọn ó gbọ́. Wọn kò ní ṣì ọ́ kà níbi iṣẹ́, wọn kò ní ṣì ọ́ kà nílé ọkọ, wọn kò sì ní ṣì ọ́ kà mọ́ nílé bàbá rẹ.

Bí ohùn ìyá rẹ bá dé etí rẹ ṣáájú lẹ́tà yìí, a jẹ́ pé mo ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe. Bí kò bá dé, a jẹ́ pé bàbá rẹ tún sá. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀, kí n tó gbé bébà yìí fún awakọ̀, màá jókòó ti ìyá rẹ nídìí tábìlì olóbìrípo yẹn, màá ka gbogbo rẹ̀ sí i létí láti òkè dé ilẹ̀, tàmìtàmì, màá tẹ nọ́ńbà rẹ, màá gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, màá sì dúró síbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.