Omi Tútù Tí A Gbé Gun Òkè Ìdànrè

                                                  Ilé Ìyá Tinúkẹ́,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà, Aládé,
                                                  Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Amatullah, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni ara? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Òfosù? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Alameen àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń yọ ẹran jẹ nínú ọbẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Èmi nìkan ni mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo pè ọ́ títí lánàá, nẹ́tíwọ̀kì oko yín kò gbà. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí Búrẹ́mọ̀ tó ń wa ọkọ̀ kòkó bá mi mú un wá fún ọ.

O rántí ìrìn-àjò tí ẹgbẹ́ wa níléèwé fẹ́ fi lọ wo yunifásítì ní Bìní. Látìgbà tí bàbá rẹ ti rí oko kòkó tuntun, tí ẹ sì kó lọ, ni Olúwaṣẹ́gun, ààrẹ wa, ti fagi lé orúkọ rẹ. Ó ní ẹni tí kò bá bá wa wá owó ọkọ̀ kò ní bá wa wọkọ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí láti JSS1 lo ti ń sọ pé o fẹ́ fojú ara rẹ rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Mo bá a jà, kò gbọ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n, tó bá ti so táì mọ́rùn báyìí, ó parí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sáré wọ kíláàsì. Àwọn ọlọ́kadà ti sọ fún un pé bọ́ọ̀sì ńlá mẹ́ta máa kó àlejò wá gun òkè lọ́jọ́ Sátidé. Inú wa dùn dé góńgó! Omi tútù àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù la máa tà fún wọn lókè, nígbà tí àtẹ̀gùn bá ti tán wọn lókun. Ló bá ṣòfin: báàgì omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí báàgì rẹ̀ bá dókè ló máa lọ sí Bìní. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun táwọn àlejò ń bọ̀ wá ṣe.

Amatullah, àtẹ̀gùn yẹn pọ̀! A máa ń fi ṣe fáàrí fún àlejò, àfi ìgbà tí omi wà lórí ẹni. Toheeb ti sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, tíṣà wa, ní orúnkún òun kò gba irú rẹ̀, wọ́n jókòó ti àwọn báàgì tó kù nísàlẹ̀. Nígbà tá a dókè, àwọn tó wọ aṣọ funfun la bá láàárín àwọn ilé àtijọ́, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Mo rẹ́rìn-ín sí màmá àgbàlagbà kan, mo ní kí wọ́n ra omi tútù. Wọ́n wò mí tàánú-tàánú.

“Ọmọ mi, ààwẹ̀ la wá gbà.”

Gbogbo wa yíjú sí Olúwaṣẹ́gun. Ká ní o wà níbẹ̀, ìwọ tó ń gba ààwẹ̀ lọ́dọọdún, ó dá mi lójú pé o ì bá ti bèèrè. Èyí tó tún burú ni pé òórùn pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wa ń dà wọ́n láàmú. Pásítọ̀ wọn wá bẹ̀ wá pé ká sún síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé e wá, ṣùgbọ́n abọ́ ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Toheeb ní ká máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ní ó di èèwọ̀. Mo padà lọ bi màmá yẹn ìgbà tí wọ́n máa ṣínu, wọ́n ní aago mẹ́rin. A jókòó, oòrùn ń pa àwa, ó ń pa omi. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, èèyàn lè fi omi tútù wa wẹ ọmọ tuntun. Ojú ti ń tì mí. Àfi bí màmá ṣe fọwọ́ ba ọ̀kan tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Irú èyí gan-an ni! Ta ló ń fi omi dídì ṣínu?”

Bí wọ́n ṣe rọ́ lù wá nìyẹn. Kò ku omi, kò ku pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Pásítọ̀ nìkan jẹ mẹ́jọ. Owó ọkọ̀ sì pé!

Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀, Olúwaṣẹ́gun ka orúkọ. Ó ní òun ṣì í kà, báàgì méjì ló wà níwájú orúkọ mi. Mo ní kò ṣì í kà. Nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi lókè láàárọ̀, mo ti padà wá gbé ọ̀kan sí i lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà. Mo ní Amatullah ló ni ìkejì, ó sì ti dókè. Ó họrí títí, nítorí òfin rẹ̀ kò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà rẹ́rìn-ín, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ rẹ padà.

Wọ́n ní àwọn máa pe bàbá rẹ. Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, ọ̀nà Orè la máa gbà, aago mẹ́jọ àárọ̀ sì ni kó o ti dúró sí etí títì ní Òfosù. Wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ. Bá mi kí Màmá àti Bàbá dáadáa, kó o sì sọ fún Alameen pé mo ń bọ̀ wá ka ẹran.

Mo ti sàárò rẹ jù, Amatullah. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo gbà sílẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má gbé omi kankan dání, mi ò fẹ́ rí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì lè dìde nílẹ̀,
Fẹ́yìsayọ̀.