Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Fisáyọ̀

Ilé Ọmọ́tọ́ṣọ́,
Òṣíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Olúkẹ́mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa tí ó pa wá mọ́ títí di òní. Mo gbàgbọ́ pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú ìlera, pé wàhálà lílọ bíbọ̀ láti Mówé sí Èkó kò ni ọ́ lára jù, àti pé ẹsẹ̀ rẹ tí ó wú ti padà sí bí ó ti yẹ. Ní tèmi, orúnkún mi ṣì ń rán mi létí ọjọ́ orí mi nígbàkígbà tí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dìde ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ, ojú mi kò sì tíì kọ ìwé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìwọ yóò béèrè pé èé ṣe tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, lórí fóònù, bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ lọ́kàn ni ó máa ń fọ́nká. Lẹ́tà a máa ní sùúrù. O lè gbé e sílẹ̀, kí o nu ojú rẹ, kí o tún gbé e. Ibi tí o bá a dé ni yóò ti dúró dè ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni o bẹ̀ mí nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn: pé bí Dárasími ọmọ rẹ bá dé, n kò gbọdọ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ láti fi ṣe eré ráálì. Mo gbọ́, n kò sì gbàgbé ìdí rẹ̀. Ní àkókò ọ̀wọ́ngógó epo yẹn, Fisáyọ̀ ọkọ rẹ fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì náà kò sì mú un padà wá fún wa. Ojú rẹ kò gbà á láti máa wo ọkọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, a sì wọ́ ọ wá sí ọgbà mi, níbi tí ó wà lábẹ́ tapólì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Bí o ti ń ka lẹ́tà yìí lọ, kí ọkàn rẹ balẹ̀ pé n kò fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Dárasími dé. Ó kúnlẹ̀, kí n tó bi í ní ohunkóhun, ó ti sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo mọ̀ pé Mọ́mì ti pè yín. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, n kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá wò ó ná." Ọmọ yìí mọ bí a ti ń bẹ àgbà. Bí ó bá bá mi jà ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí n wá wò, ìwọ náà sì mọ̀ pé ohun tí n kò bá tíì mọ̀ kì í jẹ́ kí n gbádùn oorun. Àwọn olùkọ́ wa ní iléèwé míṣọ́ọ̀nù kò ṣàdédé pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Kí-nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bá a lọ. Èrò mi ni pé ráálì ni eré tí ọkọ̀ púpọ̀ fi ń lé ara wọn kiri pápá, tí wọ́n ń ti ara wọn sí kòtò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbéra, ọkọ̀ kan yóò lọ tán kí òmíràn tó tẹ̀lé e, lórí ọ̀nà erùpẹ̀, aago nìkan ni wọ́n sì ń bá díje. Ẹni méjì ní ń jókòó sínú ọkọ̀. Ẹnì kan ń wa ọkọ̀. Ẹnì kejì di ìwé mú, ó ń ka ohun tí ó wà níwájú kí awakọ̀ tó rí i: kọ́nà, òkè, gọ́tà, afárá. Èyí yà mí lẹ́nu gan-an. N kò mọ̀ pé a lè fi ìwé kíkà wa ọkọ̀.

Ọ̀nà oko tí ó wà lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ níhìn-ín ni ẹgbẹ́ wọn ti ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n na okùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì fi ènìyàn ṣọ́ orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn má baà wọlé. Olórí wọn ni Ìyáàfin Christianah, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tí kì í pariwo, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dárasími ti ń wá síbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Wọn kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí okùn ni wọ́n ní kí ó dúró, kí ó máa gbé àsíá, kí ó máa wo bí àwọn mìíràn ti ń ṣìṣe.

Mo bi wọ́n nípa iye tí ó ń náni, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ yóò bi mí. Ìyáàfin Christianah ní, "Bàbá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ àtijọ́ tí egungun rẹ̀ ṣì le ni kó wá. Kó kọ́kọ́ náwó sórí ohun tí yóò dá ẹ̀mí sí, kó tó náwó sórí ohun tí yóò mú un sáré." Ó wá fi wọ́n hàn mí: àṣíborí, bẹ́líìtì tí ó fẹ̀ tí ó di ènìyàn mọ́ ìjókòó láti èjìká méjèèjì, agolo ìpaná, àti irin tí wọ́n jó pọ̀ sínú ọkọ̀ bí àgò adìẹ, kí òrùlé má baà tẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Owó àṣíborí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù Dárasími kan tán. Síkírù, mẹkáníìkì wọn, rẹ́rìn-ín sí mi níbi tí mo ti la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ráálì kì í béèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ iléèwé ló ṣe ń ṣe. Lónìí, bàtà, lọ́la, ìwé, lọ́tùn-únla, olùkọ́ ní kí n mú ìgbálẹ̀ wá. Tí ẹ bá ra táyà tán, ṣọ́ọ̀kù á ní òun ńkọ́?"

Dárasími àti Jọmílójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń dá àjọ fún un. Oúnjẹ ilé ni ó ń gbé lọ sí ọ́fíìsì báyìí. Irun rẹ̀ tí o bínú sí pé ó gé mọ́lẹ̀ bí akọ ọmọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú: owó onídìrí wọ inú àjọ, àṣíborí sì rí orí jókòó lé dáadáa.

Ṣùgbọ́n iye kan wà tí ó ju owó lọ, n kò sì lè fi pamọ́ fún ọ. Síkírù ní, kí irin náà tó lè wọ inú ọkọ̀ Fisáyọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn gbọdọ̀ jáde. Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ká tapólì sókè, mo tan iná wò ó. Òdòdó tí Dárasími fi báírò yà sí ara ìjókòó náà ní kékeré, nígbà tí gbogbo wa ń lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè, ṣì wà níbẹ̀. Ṣé o rántí? Ìwọ ti na ọwọ́ láti gbá a létí, Fisáyọ̀ ní kí o fi í sílẹ̀, pé ọkọ̀ òun ti ní ọgbà. Ìyókù jẹ́ owó, a lè dá a jọ. Èyí kì í ṣe owó, ìwọ nìkan ni ó sì lè pinnu bóyá o lè san án.

Jẹ́ kí n wá padà sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀nà oko ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, kí n tó délé. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ kí Dárasími wa ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn gba gbogbo ọ̀nà náà já pẹ̀lú aago fún ìgbà àkọ́kọ́, ibà sì mú Jọmílójú tí ó yẹ kí ó kàwé fún un. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ. Ọmọ rẹ jókòó sórí òkúta, ó gbé àṣíborí sí itan. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sí mi. "Bàbá àgbà, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo rò pé àwàdà ni. Ìyáàfin Christianah kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo gíláàsì ojú mi, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ni èyí, kì í ṣe ìdíje. Kò ní kọjá ìwọ̀n eré tí mo bá fún un. Bí ara yín bá gbà á, ẹ lọ." Olúkẹ́mi, ìyá rẹ ì bá dá mi dúró, kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. A kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà já. Dárasími kọ ohun tí a rí sínú ìwé ní lẹ́tà ńlá nítorí ojú mi. Síkírù bọ́ fìlà mi, ó fi àṣíborí dé mi lórí. "Bàbá," ó ní, "ẹ ti di ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn opó ìjọ rí yín o!"

A gbéra. Mo ń kà á bí mo ti ń ka ẹ̀kọ́, ohùn kan náà, láìkánjú: "Ọ̀tún díẹ̀. Òkè kékeré. Afárá, máa lọ jẹ́jẹ́. Òsì díẹ̀." Ohun tí mo bá sì kà, ni ó ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń dìde níwájú ìjọ, ẹnikẹ́ni kò tíì fetí sí mi báyẹn. Erùpẹ̀ ń rú lẹ́yìn wa, orúnkún mi kò dùn mí mọ́, mo sì ń yin Ọlọ́run nínú ara mi láàárín kọ́nà kan sí èkejì.

Nígbà náà ni a dé ibi tí Ìyá Àfúsá, olóko ẹ̀gẹ́ àdúgbò wa, àti àwọn obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń fa ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn okùn. Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n hó: "Bàbá Òǹkàwé! Ẹ kú ìrìn o!" Ọmọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọjá ẹni tí ó tẹ̀ ba lẹ́nu iṣẹ́ láìkí i? Àwọn òbí mi kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo gbé orí sókè, mo na ọwọ́ jáde, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó jẹ́ ti èrè! Ara ọmọ ńkọ́, Ìyá Àfúsá?" Nígbà tí n ó fi bojú wo ìwé, ìlà tí mo wà ti sọnù mọ́ mi lójú.

Níwájú ni òsì líle wà, gọ́tà jíjìn sì wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Igbó kò jẹ́ kí a rí i. Dárasími retí ohùn mi, kò gbọ́ ọ. Ó tẹ bíréèkì. Kò méfò, kò sọ pé ṣebí mo ti rin ọ̀nà yìí láàárọ̀. Ó dá ọkọ̀ dúró pátápátá sí àárín ọ̀nà, aago ń ka lọ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí: "Bàbá àgbà, ibo la dé?" Ó dúró títí mo fi rí ìlà náà. Lẹ́yìn náà ni a lọ.

Àwa ni a kẹ́yìn. Síkírù ní kí n tó kí Ìyá Àfúsá tán, ọkọ̀ mìíràn ì bá ti dé Papalanto, kí ó sì ti jẹun níbẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Ìyáàfin Christianah kò wo aago rárá. Ó ní, "Ẹni tó lè dúró ni mo lè kọ́."

N kò sùn ní òru náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò. Àwọn tí ó yè nínú bọ́ọ̀sì Fisáyọ̀ sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé awakọ̀ náà kò rí ohun tí ó wà níwájú ní kọ́nà yẹn, ó sì ń lọ. Olúkẹ́mi, ọmọ tí Fisáyọ̀ fi sílẹ̀ fún ọ, bí kò bá rí iwájú, a máa dúró. Mo fi ara mi jókòó tì í, mo rí i. N kò sọ pé ewu kò sí níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí ni.

Síbẹ̀, èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀ náà, ìbànújẹ́ rẹ kì í sì í ṣe ohun tí mo lè bá ọ ná. O ní kí n má fún Dárasími ní kọ́kọ́rọ́. N kò fún un. Mo rán an sí ọ ni. Ó wà nínú àpòòwé yìí, ẹni tí ó sì gbé e wá bá ọ ni Dárasími. Ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, nítorí ó fọwọ́ kàn án láti ìta. Wo ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa, kí o rí i bóyá ó ṣí i. Lẹ́yìn náà, bí o bá fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àpò rẹ, n kò ní bi ọ́, òun náà ti ṣèlérí pé òun kò ní bi ọ́. Bí o bá sì fi í lé e lọ́wọ́, jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti gbà á. Mo ti gbá ojú kan mọ́ ní fàráǹdà mi fún ìjókòó ẹ̀yìn náà, ọgbà Fisáyọ̀ kò ní dé ààtàn.

Kí Olúwa tí ó ń ṣọ́ àlọ ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Kí ó fi ìtùnú wọ ilé rẹ, kí ó má jẹ́ kí o tún sunkún ọ̀nà mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò yọrí sí rere, ọmọ rẹ yóò sin ọ́ ní ọjọ́ alẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,
Josiah Ọmọ́tọ́ṣọ́.

Àfikún: Ìyá Àfúsá gbọ́ ohun tí ìkíni rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó rán ẹ̀gẹ́ sí ọ, ó sì ní àwọn kò ní kí mi mọ́ bí wọ́n bá tún rí mi nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, nítorí ara Jọmílójú kò tíì dá. Ṣùgbọ́n èmi kò lè kọjá wọn bí ẹran. Mo ń wá ẹnì kan láti ilé mi, bí ó tilẹ̀ ti Mówé wá, tí yóò dúró sí ìdí okùn níbẹ̀, tí yóò máa bá mi kí wọn, kí ojú mi lè wà lórí ìwé.