Nípa Ìyá Abọ́sẹ̀dé, Tí Ẹgbẹ́ Dá Padà Sí Ìlú Tí Kò Gbé Rí

Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ Ọ̀ṣúndé,
Ẹ̀yìn Ọjà Ose Okwodu,
Onitsha.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Keje, 1977.

Alága,
Ẹgbẹ́ Aláàánú Ọmọ Yorùbá,
Ilé Àlejò,
Onitsha.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ILẸ̀KÙN ILÉ ÀLEJÒ TÍ WỌ́N TÌ MỌ́ ÌYÁ ABỌ́SẸ̀DÉ ÒGÚNDÉLÉ

1. Orúkọ mi ni Ọláwọlé Ọ̀ṣúndé. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí télọ̀ tó lè gé ṣòkòtò bíi tèmi láti ibí títí dé ìlú Oba. Èmi náà ni mo rán gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà ní Ilé Àlejò yín, ojú rírán rẹ̀ ò sì tíì tú. Nítorí náà, ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

2. Ẹ̀sùn mi rèé. Onitsha ni wọ́n bí Ìyá Abọ́sẹ̀dé sí, irun ló ń dì. Àdúgbò Inland Town ló ń gbé, àwọn aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀ ló sì mú un sá lọ nígbà ogun. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sọ́mọ; orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé. Lọ́dún tó kọjá, onílé wó ilé náà, torí owó epo ti dé, gbogbo èèyàn ló fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá wá sí Ilé Àlejò yín.

3. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Olúwẹ̀mímọ́, bi í pé, "Màmá, ọmọ ìlú ibo ni yín?" Ó ní, "Ìkìrun." Kí ni kó tún sọ? Ìlú bàbá ẹni ni gbogbo wa máa ń dárúkọ. Tí wọ́n bá bi èmi náà, Ìrágbìjí ni màá wí, bẹ́ẹ̀ n ò dé ibẹ̀ rí. Bí akọ̀wé ṣe gbọ́ Ìkìrun, ó ní arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó sanwó ọkọ̀ fún un, ó ní ó dàbọ̀.

4. Ní Ìkìrun, ilé bàbá rẹ̀ ti wó, ẹlòmíì ti kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n jẹ́ kó sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣẹ̀sín: "Ẹ wá gbọ́ ìyá Ìbò!" Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa padà síbi tó ti wá. Ó ta ìró rẹ̀ tó dáa jù, ó fi wọkọ̀ bọ̀.

5. Láti ìgbà tó ti dé, akọ̀wé ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní, "Màmá, òfin ni. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti dá padà sílé ò lè sùn níbí mọ́." Èmi tí mo sin ín lọ ní, "Ilé wo, bọ̀ọ̀dá?" Ó ní kí n lọ jókòó ti máṣíìnì mi. Ṣòkòtò tó wọ̀ tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo rán an. Bẹ́ẹ̀dì sì ṣófo níbẹ̀, mo fojú mi rí i.

6. Abẹ́ ìsọ̀ àwọn aláta ni ìyá ń sùn báyìí. Òjò ń pa á, eruku ata ò jẹ́ kó mí dáadáa. Ikọ́ tó ń wú ti ń bá ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, abẹ́ tábìlì lèmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi ọkùnrin ń há ara wa mọ́ sùn, kò sí àyè tí obìnrin àgbà lè nà sí. Ohun tí akọ̀wé ṣì ń sọ ni pé ẹgbẹ́ á tún sanwó ọkọ̀ Ìkìrun fún un lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá ní òun ò lọ. Ó ní, "Tí mo bá máa kú, ẹ jẹ́ kí n kú síbi tí wọ́n ti mọ orúkọ mi."

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún un ní bẹ́ẹ̀dì kan, kẹ́ ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Ẹ yí òfin yẹn padà, kó má baà tún ṣe ẹlòmíì. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún yín: tó bá di Jímọ̀ tí ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì, èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi á gbé ìyá wá sẹ́nu ọ̀nà yín lójú gbogbo èèyàn, a ò sì ní gbé e padà.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí yín,

Ọláwọlé Ọ̀ṣúndé,
Ọ̀gá Télọ̀.