Ẹ Má Tètè Ní Kí Sídí Dìde

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ kú ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Orí bébà yìí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, nítorí orúnkún mi gan-an kò gbà fún mi mọ́, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú. Mo kí Ìyá Kékeré, ìyàwó bàbá wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Mùnírátù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Lásísì, àbúrò mi, tíṣà tó ń ka lẹ́tà fún gbogbo agbolé, mo kí ìwọ náà. Rọra kà á o, má sì fo ibi tí kò bá dùn ún kà, torí mo mọ̀ ẹ́.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi gbà dé lọ́tẹ̀ yìí. Ìta gbangba ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọmọ mi, mo sì fẹ́ kí ìdáhùn mi náà dé ìta gbangba. Bàbá Kúdí, ọmọ Ìwó bíi tiwa tó ń gbé ní Matteson ní Amẹ́ríkà níbí, ló mú fọ́tò kan bọ̀ wálé nígbà tó wá sinmi. Nínú fọ́tò náà, Sídíkátù ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òyìnbó arúgbó kan. Ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì Sídí ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn Júù ní òkè òkun. Bàbá Kúdí gé e, ó fi í sápò. Nígbà tó dé Ìwó, ó ní Sídí ti di Yàhúdí, pé ibi tí wọ́n ti ń gbà á wọ ẹ̀sìn nìyẹn. Ẹnu ọkùnrin yẹn kì í sinmi.

Inú mọ́tò ni mo ti ka lẹ́tà yín, níwájú ibi iṣẹ́, mo sì pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ọmọ tí kò kúnlẹ̀ fún ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ fún Yàhúdí. Ẹ ní kó má wulẹ̀ wá ní Dìsẹ́ńbà mọ́. Ẹ ní tó bá wá, ẹ ò ní jáde sí i, kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Sídí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá lẹ́tà ti dé láti ilé, mo ń ní kò tíì dé. Irọ́ ni. Ó wà nínú àpò kóòtù mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé ìlú yìí, torí n kì í sọ ọ́ tán nínú lẹ́tà. Mo ti máa ń kọ̀wé pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wà, lẹ́bàá Flossmoor. Àwọn Júù ló ni ín, àwọn arúgbó wọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń wọṣọ fún wọn, èmi ni mò ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Rafa ni wọ́n ń pè mí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mo lè jẹ oúnjẹ wọn kí ọkàn mi balẹ̀. Wàhálà wọn kan ṣoṣo ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹran àti wàrà pàdé: àwo tẹran lọ́tọ̀, àwo ti wàrà lọ́tọ̀. Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bu wàrà sínú àwo ẹran, olórí ilé ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Nísinsìnyí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Iṣẹ́ yẹn ló jẹ orúnkún mi. Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí. Yìnyín ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, òtútù rẹ̀ kì í ṣe irú ọyẹ́ tí a ń yáná sí, tí oòrùn ọ̀sán á sì lé lọ. Tí mo bá wa mọ́tò dé Country Club Hills, níbi tí mo háyà yàrá méjì sí, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò náà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè na ẹsẹ̀ jáde. Láti ìgbà tí bàbá Sídí ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Texas, kò sí ẹni tó ń bá mi gbé báàgì wọlé àfi ọmọ yìí. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí yín, ibẹ̀ náà ló ti ń jáde. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè dúpẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, Ìyá mi, ó sì ti pẹ́ tí oorun ò ti wo irú àárẹ̀ yìí.

Nígbà tí Sídí wà ní kékeré, kò sí ẹni tí mo lè fi í tì, nítorí náà ibi iṣẹ́ mi ni bọ́ọ̀sì iléèwé máa ń já a sí lọ́sàn-án. Yàrá ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Rífíkà ló máa ń wà títí n ó fi ṣíwọ́. Rífíkà kọ́ ọ ní káàdì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà, ó sì kọ́ ọ ní Yídìṣì, èdè tí àwọn Júù ń sọ nílé ní ìlú Rífíkà ní Ròmáníà. Kí n tó mọ̀, ọmọ mi ti ń bá gbogbo àwọn arúgbó náà ṣàwàdà ní èdè wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi inú ara wọn bí kò gbọ́ ọ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo tún máa ń fi yangàn. Mi ò rò ó pé èdè ìyá àgbà ẹlòmíràn ló ń gbọ́, tí kò gbọ́ ti ìyá àgbà tirẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ lọ sí Ìbàdàn kí a lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹ kí i títí, ó ní hẹ́lò, ó gbé e fún mi. Ẹ ní bóyá wáyà ló já. Kì í ṣe wáyà.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ náà, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, àlájà kan wá kí wa, Sídí na ọwọ́ sí i pé kó bọ òun lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ tẹ ejìká rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ, ó bi mí pé Mọ́mì, ṣé ẹrú ni mí ni? Ìtàn òwò ẹrú ni wọ́n ń kọ́ wọn ní iléèwé nígbà náà. Ó yẹ kí n jókòó tì í. Ó yẹ kí n sọ fún un bí ẹ ṣe máa ń jẹ́ ká wà lórí ìkúnlẹ̀ láràárọ̀, tí ẹ ó máa kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa ráhùn nínú pé ẹsẹ̀ ń ro wá, tí a ó sì dìde bí ẹni tó ti jẹun yó. Ṣùgbọ́n mo ti ṣiṣẹ́ ènìyàn méjì lọ́jọ́ náà. Mo ní kó lọ fọ àwo. Láti ìgbà yẹn, mi ò sọ fún un mọ́ pé kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún tó kọjá. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń wá kí àwọn arúgbó wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní Máàṣì ọdún yìí, Rífíkà kú. Sídí sunkún débi pé mi ò mọ bí mo ṣe lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò pẹ́ sí i ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní àwọn fẹ́ lo ìsinmi àwọn ní Ròmáníà, àwọn ó kun ilé ìjọsìn, àwọn ó tún itẹ́ òkú ṣe, àwọn ó sì máa gbé oúnjẹ fún àwọn arúgbó Júù tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ogun ti pa púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó kù sì ti kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Nínú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní Yídìṣì kó já geere. Wọ́n wá bẹ Sídí. Ọmọ dúdú, ọmọ Mùsùlùmí, òun ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀.

Ìsinmi yẹn gan-an ni mo ti ṣèlérí pé yóò lò lọ́dọ̀ yín. Mo kọ̀wé sí yín pé tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fà á nìyẹn. Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí bí mo ṣe tọ́ ọmọ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó máa bá wọn lọ. Sídí kò kọ̀ yín sílẹ̀, Ìyá mi, èmi ni mo yí i lójú kúrò.

Sídí wá sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ fọ́tò náà ṣe jẹ́. Wọ́n ní kó gbé ọbẹ̀ lọ fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Pérlà, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń dá gbé inú yàrá kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní kámẹ́rà bá a lọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, Pérlà jókòó ti fèrèsé, ó wé ìborí, ó yíjú sí wọn. Sídí ní bí ẹ ṣe jókòó nínú fọ́tò tó wà lára ògiri wa náà ló ṣe jókòó. Ó ní òun kò mọ ohun tó ṣe òun. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yà á.

Fọ́tò kò gbọ́ igbe tí Pérlà ké. Ó kọ́kọ́ rò pé ọmọ náà ṣubú ni. Nígbà tó rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó bá a wí, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní kó dìde kíá, pé nílé àwọn, ènìyàn kì í kúnlẹ̀ fún ènìyàn, àfi fún Ọlọ́run, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Sídí fúnra rẹ̀ máa kúnlẹ̀ fún àgbà láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ní ejìká rẹ̀, wọ́n ní kó dìde. Ìyá mi, wọn ò gbà á wọ ẹ̀sìn kankan. Wọn ò tilẹ̀ gba ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá a lọ́hùn-ún, ó sì gbà á; àwọn arúgbó yẹn ló ń gbé oúnjẹ ìṣínu pa mọ́ dè é.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, Pérlà bi í pé ta ni wọ́n ń kí báyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí ìyá tó bí ìyá òun. Pérlà ní tí wọ́n bá kí i báyẹn, kí ló máa ń ṣe? Sídí ní ìyá àgbà á pe ọmọ tó kúnlẹ̀ náà ní orúkọ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un nípa ilé, èyí tó dúró sí i lórí nìyẹn. Pérlà ní kó pe tirẹ̀ kí òun gbọ́. Sídí kò mọ̀ ọ́n. Arúgbó náà wá ní òun náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá òun, pé kò sí ẹni tó kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ sí Sídí létí. Mo bi Sídí pé kí ni orúkọ náà, ó ní òun kò ní sọ.

Ọjọ́ tó dé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi bi mí pé, Mọ́mì, kí ni màmá àgbà máa ń pè mí? Ìyá mi, mi ò rántí mọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí mo gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di Sídí, iléèwé sọ ọ́ di Síńdì. Ṣé Àbẹ̀ní ni, àbí Àbẹ̀kẹ́? Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ Mùnírátù, méjèèjì ń jà lẹ́nu mi. Mo ní Àbẹ̀ní. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Ó kọ ọ́ sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí, mo sì ń rí i níbẹ̀ láràárọ̀. Tèmi nìkan ló dá mi lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ yìí.

Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jáde sí ọmọ yìí ní Dìsẹ́ńbà. Yorùbá rẹ̀ kò tíì dán. Mò ń kọ́ ọ nínú mọ́tò, kò sì tíì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé "ẹ" dípò "o". Tó bá ní "o ṣé" fún yín, ẹ má kà á sí, kí Lásísì má sì fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó lè gbàgbé láti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n á kúnlẹ̀. Mo ti rí i tó ń dán an wò níwájú dígí nígbà tó rò pé mo ti jáde. Tó bá kúnlẹ̀, ẹ má tètè ní kó dìde. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ bí àwa ṣe máa ń pẹ́, kí ẹsẹ̀ máa ro ó, kó kúnlẹ̀ tirẹ̀, kó sì bá mi kúnlẹ̀ tèmi. Ẹ wá pè é ní orúkọ rẹ̀. Tí ó bá yàtọ̀ sí èyí tí mo sọ fún un, á mọ̀ pé mo purọ́, kò burú, kó ṣáà gbọ́ òótọ́ lẹ́nu yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé, ẹ kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kí Bàbá Kúdí pàápàá tó bá tún wálé, ẹ ní mo dúpẹ́ fọ́tò. Kí Ọlọ́run fún yín lálàáfíà, kó jẹ́ kí ojú yín ríran rí ọmọ yìí, kó jẹ́ kí ohùn yín ròkè lọ́jọ́ náà. Lásísì, orúkọ tí o bá gbọ́ lẹ́nu wọn, kọ ọ́ gàdàgbà, fi àmì ohùn sí i dáadáa, kó o fi ránṣẹ́ sí mi, kí èmi náà lè máa pe ọmọ mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àṣàkẹ́