Èdè Màmá Àgbà Nínú Yàrá Kan ní Poudrière

Màmá mi tí mo fẹ́ràn,

Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí a sin yín. Mi ò tíì sunkún. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kó má di pé ẹlòmíràn ló máa sọ ọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín lọ, èmi ni mo ń pín omi fún àwọn tó wá kí wa, èmi ni mo wá ẹní tí wọ́n jókòó lé, èmi náà ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní mo ṣe bí ọkùnrin. Láti ìgbà náà, mo ń lọ síbi iṣẹ́ mi ní fáámásì àdúgbò Banifandou, mo ń ṣàlàyé oògùn fáwọn èèyàn, mo ń padà wálé. Àfi bíi pé wọ́n fi òwú dí mi létí. Mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kì í wọlé.

Ìkòkò ẹja yín ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà ayé Màmá àgbà, ìyá yín, òun ló ń ra ẹja wẹ́wẹ́ odò Ọya, tó ń fi iyọ̀ pa á mọ́ sínú ìkòkò, tó ń dé e títí yóò fi domi. Omi yẹn la ń bù sórí ìrẹsì. Àwọn ará ilé kejì máa ń ráhùn pé ó ń rùn. Bàbá mi tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ, kò ráhùn rí. Ó ní ẹni tí ìyá ẹ̀ ń fi irú sebẹ̀ kò gbọdọ̀ bá òórùn kankan jà. Nígbà tí Màmá àgbà kú, ẹ̀yin lẹ gba ìkòkò náà. Ní báyìí, mi ò mọ̀ bóyá èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ti tó bù àbí kò tíì tó. Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀? Ṣé òórùn ẹ̀ ni, àbí àwọ̀ ẹ̀? Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan, mo tún dé e padà.

Lọ́jọ́sí, ọmọ mi mú fọ́tò yín wá, ó bi mí pé kí ló dé tí ojú yín fi yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn inú ilé. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Mo ní bàbá yín, ọmọ Sábẹ̀ẹ́, wọ iṣẹ́ ológun Faransé láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ṣàkóso, wọ́n sì kó wọn lọ jagun ní Fiẹtinámù. Níbẹ̀ ló ti pàdé Màmá àgbà, tó ń ta ìrẹsì sísè lẹ́bàá bárékè wọn. Nígbà tí ogun parí, ó mú un wọ ọkọ̀ ojú omi wálé pẹ̀lú oyún yín nínú. Àwọn ará Sábẹ̀ẹ́ ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe sí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀, ló bá gbé e wá sí Niamey, níbi tó ti ríṣẹ́ awakọ̀. Ọmọ mi ní ṣé Màmá àgbà kò wá padà lọ wo ilé ni? Mo ní kò lọ. Ó ní kí ló dé? Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀, mi ò sì bi yín rí.

Yorùbá lẹ ń bá wa sọ nínú ilé. Zarma ni ti ìta, Faransé ni ti iléèwé àti ti ọ́fíìsì ìjọba. Èdè Màmá àgbà, òun nìkan lẹ ń bá sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, lẹ́yìn ilé ìdáná, ohùn yín á sì rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi ìka fa ojú wọn gbọọrọ tí wọ́n bá ti rí yín, nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Ẹ ò fẹ́ irú ẹ̀ fún wa. Ohun kan ṣoṣo lẹ jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ wa. Ẹ kì í fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ẹ máa ń ti imú bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa, ẹ óò wá fà á símú gan-an, bí ẹni tó ń gbóòórùn máńgòrò tó pọ́n. Mo rò pé bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn tí Màmá àgbà kú, ó tó ogún ọdún tẹ́ ẹ ò rẹ́ni bá sọ èdè yẹn. Ìgbà tí Tanti Ramatu wá yín rí ni nǹkan yí padà. Mo rántí ọjọ́ tó wá láti àdúgbò Dar es Salam nílùú wa níbí, arúgbó Zarma tó ní ojú bíi tiyín. Ìyá tiẹ̀ náà bá ọmọ ogun wá láti Fiẹtinámù. Ẹ̀yin méjèèjì di ara yín lọ́wọ́ mú ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá àwọn ìdílé mìíràn tó nírú ìtàn bẹ́ẹ̀ kàn, tí ẹnì kan yọ̀ǹda yàrá kan fún yín ní àdúgbò Poudrière, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì àti pátákó. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ wọn á wá kọ́ èdè, wọ́n á kọrin, ẹ óò sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ẹran lílọ̀ sínú ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ kí wọ́n tó dín in. Ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Alẹ́ Jímọ̀ lẹ ti máa ń lọ aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀. Mo ń wò yín, mo ń rò pé eré arúgbó ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní kí n wá gba ohùn yín sínú fóònù, orúkọ àwọn nǹkan, àti orin tí Màmá àgbà fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún, torí Tanti Ramatu kò gbọ́ èdè náà tó yín. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Nígbà kejì, mo ní fóònù mi ti kún. Nígbà kẹta, a jókòó lórí ẹní. Ẹ wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́, mo bá dìde. Wọ́n ní orí ẹní yẹn lẹ wà títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ẹ ò tún sọ ọ́ sí mi mọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ ṣubú níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣàlùwàlá. Mi ò fẹ́ tọrọ àforíjì. Mi ò mọ ẹni tí màá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo rántí ibi tẹ́ ẹ jókòó sí.

Lóṣù tó kọjá, Tanti Ramatu wá bá mi. Ó ní kí n bọ́ sípò yín. Mo ní mi ò mọ̀ ju omi, ìrẹsì, àti ẹ wá jẹun lọ. Kò bá mi jiyàn. Ó ní àwọn ọmọ ṣì ń wá ní Sátidé, pé òun ti kọ́ wọn ní gbogbo èyí tí òun mọ̀ tán. Òun ṣì kéré gan-an nígbà tí ìyá òun kú, ọ̀rọ̀ ìbáwí ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó kù lórí òun. Ó ní ṣé èèyàn lè máa fi ìbáwí nìkan kọ́ ọmọ? Mo ṣèlérí pé màá wá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n lọ sọ fún wọn pé ó ti parí, kí n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni yàrá.

Sátidé méjì sẹ́yìn ni mo lọ. Ọmọ mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ṣì wà lórí pátákó, ẹnikẹ́ni ò nù ún. Mo ti to gbólóhùn mi sílẹ̀ ní Faransé. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n ka ohun tẹ́ ẹ kọ sókè kí n tó nù ún, kó má dà bíi pé mo kàn pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè pátápátá ni *má*, pẹ̀lú àmì òkè lórí ẹ̀ bíi ti Yorùbá. Mo mọ̀ pé ìyá ni. Mo kà á. Ṣùgbọ́n ohùn mi ti rí pẹrẹsẹ láti oṣù mẹ́rin yìí, mi ò gbé e sókè. *Ma* ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ọmọ kan mi orí. Salamatu ni, ọmọ ọmọ Tanti Ramatu, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, eyín iwájú ẹ̀ ti yọ. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ó wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ yín nìyẹn, Màmá. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é. Ó fi Zarma sọ fún mi pé:

“Iwin lẹ pè yẹn, Tanti. Ẹ gbé ohùn yín sókè kó lè di ìyá.”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún un pè, ó ní kò tíì tó. Ìgbà kẹta ló tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu mi, gbogbo wọn pè é lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá sì kún. Mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò sọ gbólóhùn Faransé yẹn. Salamatu dìde, ó ń ka pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún mi. Nígbà tó bá gbàgbé, ẹlòmíràn á ràn án lọ́wọ́. Orin náà wà lọ́dọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ ìparí ẹ̀. Tanti Ramatu jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìta. Mo gbé fóònù mi síwájú wọn, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ títí iná ẹ̀ fi tán.

Mi ò sunkún níbẹ̀ náà. Mo tún lọ lánàá, màá sì máa lọ. Kì í ṣe olùkọ́ ni mò ń lọ ṣe.

Nínú takisí, nígbà tí mò ń bọ̀ wálé lánàá, mo pè yín ní *má*. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe rò lọ. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó rò pé òun ni mo bá sọ̀rọ̀, ó bi mí ní Zarma bóyá ibí ni mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Mo ní a ò tíì débẹ̀.

Ṣé ẹ gbọ́?

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ti imú bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tiẹ̀ náà.