Bọ́ọ̀lù Tó Yẹ̀ Nínú Koríko

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Paynesville, Monrovia,
Liberia.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ìyá Fẹ́rànmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan sí Bádé tí n kò mọ bí n óò ṣe kó o jẹ. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí kò gbé fóònù mi. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò lè fi pamọ́ fún ọ.

Foríjì mí tí n kò kọ́kọ́ kí ọ. Ara ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Fẹ́rànmí àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọmọ tuntun ti ń jókòó? Àwa níbí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró ni. Bàbá Bádé wà, ó ní kí n kí ọ.

O mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí Bádé ti ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, lónìí Kẹ́ńyà, lọ́la Ṣáínà, àfi bíi pé báàgì ọ̀pá yẹn ló gbé níyàwó. Ìdíje tó kẹ́yìn ọdún, ní Mòrókò, ló máa sọ bóyá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù jẹun á tún gbà á láàárín wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà. Ẹni tí tirẹ̀ kéré ló ń borí. Ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Old Road ni mo ti ń wo nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, títí Dorothy tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi pariwo: "Ol' Ma, sit down small, yah! You making me dizzy!" Ó ku ihò méjì tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sí, Bádé ṣì wà láàárín àwọn tó máa wọlé. Àfi bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe fi ẹyọ kan ga sí i. Ẹyọ kan péré yẹn ló gbé e ṣubú.

Nígbà tó pè nírọ̀lẹ́, ó ní bọ́ọ̀lù wọ inú koríko gíga. Bí òun ṣe gbé ọ̀pá kalẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Òfin wọn ni pé bí ìwọ lo bá mú un yẹ̀, wọ́n á fi ẹyọ kan kún tìrẹ. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbá ń wo ibòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ìyá Fẹ́rànmí, mo lanu mo ní, "Ta ló rí ọ?"

Ó wá ní, "Mọ́mì, èmi rí ara mi." Ó pa fóònù.

Ṣé o rántí ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ l'Abẹ́òkúta padà síbí lẹ́yìn ogun Liberia, tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sí pápá gọ́ọ̀fù inú oko rọ́bà? Ó ti bọ́ọ̀lù òyìnbó kan bọ àpò, ó ní kò sẹ́ni tó rí òun. Mo fà á létí padà lọ síbẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe jìn tó, mo ní, "Ìwọ kò rí ara rẹ ni?" Ọ̀rọ̀ mi ló fi dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín: "O kọ́ ọmọ, ọmọ gbọ́, kí lo tún ń fẹ́?" Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Lóṣù kìíní, Bádé á lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó ń wá àyè. Ìyẹn kò dùn mí mọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí bọ́ọ̀lù bá tún yẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kó má lọ wo ọ̀tún wo òsì nítorí mi.

Ọdún méjì ló lò lọ́dọ̀ rẹ nígbà ogun. Títí dòní kì í kọ ìpè rẹ. Jọ̀ọ́, bá mi pè é. Má sọ fún un pé mo ń sunkún. Sọ pé ìyá rẹ̀ ni kò rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ pè ọ́, ẹkún kò jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí rán Kamorat, ọmọ ṣọ́ọ̀bù kejì tó ń bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta. Bá mi kí gbogbo ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Kamorat máa lò níbẹ̀. Jọ̀ọ́, kọ èsì lé e lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé Bádé ti jẹun nìkan lo rí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn náà ni kí o kọ. Tètè kọ ọ́.

Èmi tìrẹ tí ìdí mi kò balẹ̀,
Olúfúnmiláyọ̀ (Ìyá Bádé)